Orin Yangí, àti Bí Gbohùngbohùn Ṣe Pàdánù Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀rọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ayé ṣì ń rùn bí amọ̀ tútù lọ́wọ́ Ẹni tó mọ ọ́n, Gbohùngbohùn kì í gbé inú àpáta. Kò nílé kan pàtó rárá. Ó wà lókè, ó wà nílẹ̀, ó wà lẹ́yìn igi, ó wà létí odò. Kò lẹ́sẹ̀, kò níyẹ̀ẹ́, kò sì ní àyà tó ń mí sókè mí sílẹ̀. Ohùn lásán ni.

Ṣùgbọ́n ohùn náà, ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe ohùn yẹpẹrẹ. Odindi ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ nígbà náà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè parí rẹ̀. Gbogbo orin tí ẹyẹ ti kọ láti ìwáṣẹ̀ ló ti gbọ́, kò sì gbàgbé ẹyọ kan.

Ọ̀dàn kan wà, níbi tí koríko bẹẹrẹ ti ga ju orí ènìyàn lọ. Àwọn ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àparò wà níbẹ̀. Adìẹ wà níbẹ̀, nítorí pé kò tíì máa gbé ọ̀dọ̀ ènìyàn nígbà náà. Ẹtù náà wà níbẹ̀, ẹyẹ tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní awó.

Àwọn ìyá wọ̀nyí ní àṣà kan. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sàba lé ẹyin, kì í kàn jókòó kó máa wo ojú ọ̀run. Orin ni yóò máa kọ. Orin ìsàba ni wọ́n ń pè é. Lónìí yóò fi ọ̀rọ̀ kan sí i, lọ́la yóò fi òmíràn kún un: ohun tí ojú rẹ̀ rí lórí ẹyin, ibi tí ilé wà, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ohun tó ń retí. Àwọn ọmọ yóò máa gbọ́ ọ láti inú èèpo. Ọjọ́ tí wọ́n bá jáde, wọ́n á ti mọ ìyá wọn kí wọ́n tó fojú rí i.

Iṣẹ́ ni o, kì í ṣe eré. Àparò tiẹ̀ máa ń sọ pé orin ìsàba le ju ẹyin yíyé lọ.

Lọ́dún tí à ń wí yìí ni Gbohùngbohùn wá bá àwọn ìyá. Ó rọ ohùn rẹ̀ bí òrí tí oòrùn yọ́.

"Ẹ kú ìsàba o, ẹ̀yin ìyá. Ìdí ń ro yín, ọ̀fun yín ń gbẹ, ẹ tún wá ń da ara yín láàmú nítorí orin. Ẹ sáà dárúkọ ara yín fún mi. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, orin ti dé."

Adìẹ gbé orí sókè. Adìẹ kì í fi ohun ọ̀fẹ́ ṣeré.

"Kí lo máa gbà?"

"N kò gba nǹkan kan. Bí wọ́n bá ṣáà ti bi yín pé ta ló ni orin, ẹ ní Gbohùngbohùn ni."

"Ìyẹn nìkan? Ó dáa, kọ tèmi ká gbọ́."

Kò tíì pa ẹnu dé tí orin fi bẹ̀rẹ̀:

*Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin ọmọ Adìẹ,*
*Ẹ máa bọ̀ nílé ayọ̀.*
*Ilé wa kún fún ewéko tútù,*
*Ìtura ń bẹ nínú koríko.*

Ọlọ́run kò fẹ́ irọ́, nítorí náà a kò ní pa á: orin náà dùn. Ó dùn dé eegun. Omi bọ́ lójú Adìẹ. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ òun báyìí rí.

Àparò náà gba tirẹ̀. "Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin ọmọ Àparò…" Ó jọ ti Adìẹ díẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ó jọ ọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí oyin bá ti kan ahọ́n, ta ló ń bi oyin ní orúkọ igi tó ti wá?

Ó wá ku Ẹtù.

Ìyàwó tuntun ni Ẹtù ní ọ̀dàn náà, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa yé nìyẹn. Nígbà tó dé, àwọn àgbà ti gba gbogbo abẹ́ koríko tó tutù. Ibi tó kù fún un ni ilẹ̀ yangí, ilẹ̀ pupa tó le kankan bí òkúta, tí koríko ẹyọ kan kò lè hù lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ló da ẹyin mẹ́sàn-án sí. Ohùn tí Ẹlẹ́dàá sì fún un, háháhá ni. Adìẹ máa ń sọ pé ó dà bí ẹni ń fi ìgbákọ ha ìdí ìkòkò.

Gbohùngbohùn bá a níbi tó ti ń kọrin fún àwọn ẹyin rẹ̀:

*Yangí, yangí, ilé wa ni.*
*Koríko ò hù níbẹ̀, ojú ń tì mí.*
*Òjò na mí, ejò kọjá,*
*N ò dìde lórí yín.*
*Yangí, yangí, ibẹ̀ ni mo wà.*

"Yéè!" Gbohùngbohùn ké. "Ìyàwó, dákẹ́ ná. Ta ní í fi yangí kọrin? Gbogbo orin tí mo ti gbọ́ láti ìwáṣẹ̀, kò sí yangí nínú ọ̀kan. Ewéko tútù ni wọ́n ń wí. Jẹ́ kí n tún un ṣe fún ọ: *Ilé wa kún fún ewéko tútù…*"

"Ṣùgbọ́n kò sí ewéko níbí," ni Ẹtù wí.

"Kí nìyẹn já mọ́? Ó dùn létí."

"Bí àwọn ọmọ mi bá jáde, tí wọ́n ń wá ewéko ńkọ́?"

"Wọ́n á máa wá a tayọ̀tayọ̀!"

Ẹtù gbé ìyẹ́ apá rẹ̀ kan, ó fi bo ẹyin kan tó ń yọ síta. Ó ní, "Jọ̀wọ́, ṣé o ti sàba rí?"

"Èmi? Mo ti gbọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún orin ìsàba."

"N kò bi ọ́ bóyá o gbọ́. Mo ní, ṣé o ti sàba rí?"

Gbohùngbohùn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Adìẹ ló rín, nítorí kò ní ẹ̀rín tirẹ̀. Ó sì lọ.

Àwọn ẹyin pa. Ọ̀dàn kún fún ọmọ bí ikán ṣe ń kún inú ọ̀gán. Àwọn ìyá kò kọrin mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ máa fi ọ̀fun ara wọn ṣe? Ìrọ̀lẹ́ bá ti ń bọ̀, Gbohùngbohùn á gbé orin dídùn náà, á gbé e káàkiri ọ̀dàn, àwọn ọmọ á sì máa rọ́ wọlé. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ayé bá rọ̀, tí oúnjẹ bá wà, tí ojú ọ̀nà bá mọ́ kedere, orin wo ni kì í ṣiṣẹ́?

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á jẹ́. Bí orin bá ti ń dùn lọ báyìí, láti orí ilẹ̀ pupa lọ́hùn-ún ni Ẹtù á ti gbé tirẹ̀: "Yan-gí! Yan-gí!"

"Ẹ gbà mí o," ni Adìẹ wí lọ́jọ́ kan. "Ìgbákọ ti tún kan ìkòkò."

"Ọ̀rẹ́ mi, bóyá ó ń jẹ òkúta ni," ni Àparò dá a lóhùn. "Ẹni tó bá jẹ iṣu kì í dún báyẹn."

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àkàlà, tó jẹ́ àgbà gbogbo ẹyẹ ilẹ̀ náà. Wọ́n péjọ sábẹ́ igi igbá. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹtù. Ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá.

"Ẹtù, ọmọ mi," ni Bàbá Àkàlà wí, "wọ́n ní orin rẹ ń da ìlú láàmú. Wọ́n ní Gbohùngbohùn fẹ́ fún ọ ní èyí tó dára, o kọ̀ ọ́. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni, bàbá. Èyí tó fún mi dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé mi ló ń sọ. Ibi tí n kò dé rí ló ń pe àwọn ọmọ mi sí."

"Ẹ gbọ́ ìgbéraga!" Adìẹ fò sókè. "Ṣé orin tiwa wá burú nìyẹn? Ìyàwó àná! Ẹni tí kò ní koríko kan ṣoṣo lágbàlá, òun ló ń kọ orin dídùn sílẹ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Gbohùngbohùn bá wọn rín in, ó sì dá ẹ̀rín olúkúlùkù padà fún un, tí ẹ̀rín fi di ìlọ́po méjì.

Bàbá Àkàlà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Àlàáfíà ìlú ló ṣáájú. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fún ọ, Ẹtù. Bí ọ̀rún bá pé, kí o gba orin tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ń kọ, tàbí kí o kó àwọn ọmọ rẹ kúrò ní ọ̀dàn yìí."

Àti lọ síbo? Ọmọ mẹ́sàn-án, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n lò láyé. Àṣá ń bẹ lókè, ejò ń bẹ nílẹ̀. Ẹtù dìde, ó lọ sílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́.

Nígbà tó délé, ó pinnu láti gbìyànjú. Ó tún ọ̀fun ṣe. Ó gbé orin dídùn náà: *Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin ọmọ Ẹtù…*

Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án gbé orí sókè. Wọ́n wò ó. Wọ́n sì yíjú sẹ́yìn, wọ́n ń wá ẹni tó ń pè wọ́n.

Ẹtù dákẹ́. Ó gbé ojú sókè ọ̀run, ó ní, "Ìwọ Ẹlẹ́dàá mi, ohùn tí O fi sí mi lọ́rùn yìí, ṣé àṣìṣe ni? Bí àṣìṣe bá ni, gbà á padà. Bí kì í bá ṣe àṣìṣe, fi ohun tí O fẹ́ fi ṣe hàn mí."

Ọ̀run kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run máa ń ṣe nígbà mìíràn, ẹ̀yin ọmọ. Ó máa ń dákẹ́ bí olùkọ́ tó mọ̀ pé ìdánwò ń bọ̀ lọ́la.

Lọ́dún náà, ọyẹ́ tètè dé. Ọ̀dàn gbẹ kí a tó wí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, lọ́sàn-án gangan, tí àwọn ọmọ gbogbo ti wọ inú bẹẹrẹ lọ ṣa ikán jẹ, ohun dúdú kékeré kan fẹ́ wá láti ojú ọ̀run, ó bà lé ẹ̀yìn Ẹtù. Òmíràn tẹ̀ lé e. Màjàlà ni.

Bí ẹ bá rí màjàlà, ẹ má bi í pé níbo ni iná wà. Iná ń bọ̀.

Ó ń bọ̀ lóòótọ́. Ó ń jó bọ̀ láti ìlà-oòrùn, ó ń ta pàràpàrà, ó ń ké bí ẹran tí ebi ń pa. Èéfín ṣáájú rẹ̀, ó bo ọ̀dàn mọ́lẹ̀, tí ìyá kò fi rí ọmọ, tí ọmọ kò sì rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Gbohùngbohùn!" Adìẹ figbe ta. "Pe àwọn ọmọ wa! Tètè pè wọ́n!"

Gbohùngbohùn kò jáfara. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Láti ọ̀tún, láti òsì, láti iwájú, láti ẹ̀yìn, ó gbé orin náà, kò sì ṣì í kọ níbì kan:

*Ilé wa kún fún ewéko tútù,*
*Ìtura ń bẹ nínú koríko…*

Áà! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ tó wà nínú orin yẹn. Àwọn ọmọ ẹyẹ gbọ́ ọ, wọ́n sì gbọ́ràn. Wọ́n ń sáré wọ inú koríko lọ. Inú koríko ọ̀hún gan-an ni iná ń bọ̀!

"Kì í ṣe ibẹ̀ o!" Àparò ké. "Yí orin náà padà! Sọ fún wọn pé kí wọ́n jáde!"

Ṣùgbọ́n kí ni Gbohùngbohùn máa yí i sí? Nínú gbogbo orin tó gbọ́ láti ìwáṣẹ̀, kò sí èyí tí ìyá kan ti ní kí ọmọ òun sá kúrò nínú koríko. Orin tí ẹnìkan kò bá tíì kọ, Gbohùngbohùn kò lè kọ ọ́.

Adìẹ ní kí òun kọrin fúnra òun. Ó la ẹnu. Kò rí orin kan níbẹ̀. Kò kọ ọ̀kan lọ́dún náà, ti ọdún tó kọjá sì ti fò lọ. Ohun tó jáde kò ju "Kọ́ọ̀! Kọ́ọ̀! Kọ́ọ̀!" lọ.

Ẹtù wà lórí yangí rẹ̀. Ó níyẹ̀ẹ́, ó lè fò lọ sórí igi. Ó wo òkè lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ pupa náà, ó na ọrùn, ó sì fi gbogbo agbára ké:

"Yan-gí! Yan-gí! Ibẹ̀ ni mo wà!"

Ohùn tó ń ha ìdí ìkòkò ha inú èéfín kọjá. Ọmọ rẹ̀ kan yọ. Méjì yọ. Mẹ́rin yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìrù wọn ń rú èéfín. Méjèèjì tó kù ń tàgẹ̀gẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n pé mẹ́sàn-án. Iná dé etí yangí, ó wá koríko tí yóò jẹ, kò rí, ó sì ń yí ibẹ̀ po bí ajá tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta.

Ọmọ tirẹ̀ ti pé. Ó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ Adìẹ àti ti Àparò nínú koríko. Bẹ́ẹ̀ ni orin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí láti ìgbà tí a ti dá ayé dé sí i lẹ́nu. Kò rò ó tẹ́lẹ̀. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnìkan. Ó kàn jáde láti inú rẹ̀, tòun tẹ̀rù tòun tìfẹ́:

*Ẹ̀yin ọmọ Adìẹ, ẹ fi koríko sílẹ̀!*
*Ẹ̀yin ọmọ Àparò, ewéko ti di iná!*
*Ẹ wá sórí ilẹ̀ tí kò lẹ́wà,*
*Ó ń jó lẹ́sẹ̀, kì í pani!*
*Yangí, yangí, ibẹ̀ ni mo wà!*

Àwọn ọmọ dúró. Wọ́n yí padà.

Ìgbà náà ni nǹkan fẹ́ bàjẹ́ pátápátá. Gbohùngbohùn gbọ́ orin tuntun náà, ó wù ú, ó sì gbé e lójú ẹsẹ̀. "Yangí, yangí, ibẹ̀ ni mo wà!" Ó ń wí i láti inú iná. Ó ń wí i láti ibi tí yangí kò sí. Ọ̀nà mẹ́rin ni ohùn Ẹtù ti ń wá báyìí, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ ikú. Àwọn ọmọ tún dúró, wọ́n ń yí orí sọ́tùn-ún sósì.

Èéfín wọ Ẹtù lọ́fun. Ikọ́ mú un. "Yan-" ó húkọ́, "-gí! Ibẹ̀ ni…" ó tún húkọ́, ohùn rẹ̀ já sí méjì, "…mo wà!"

Gbohùngbohùn ń tún un wí. Ṣùgbọ́n ó mọ́ ọn lára láti máa fọ orin mọ́ kó tó kọ ọ́. Ó yọ ikọ́ kúrò. Ó so ibi tí ohùn já. Ó jẹ́ kó dùn.

Ọmọ Adìẹ kan, tí kò tíì tó àtàǹpàkò, ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ohùn mẹ́ta ń dùn, ọ̀kan ń húkọ́. Ohùn tó ń húkọ́, ó ń mí ni. Ẹni tó ń mí, ó wà níbì kan. Ló bá bẹ́ sáré lọ síbi tí ikọ́ wà. Àwọn yòókù rọ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, ọmọ Adìẹ, ọmọ Àparò, ọmọ ẹni tó bú u àti ọmọ ẹni tó fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń rọ́ gun orí yangí, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè nítorí ooru, wọ́n ń sá sábẹ́ ìyẹ́ Ẹtù títí ìyẹ́ kò fi gbà wọ́n mọ́. Ẹta iná ń bọ́ lé Ẹtù lẹ́yìn, eérú funfun ń bà lé e ní tótòtó. Kò mira. Ó ń kọrin.

Iná jó kọjá. Ó jó dé odò, ó sì kú.

Adìẹ dé, ojú rẹ̀ dúdú fún èédú. Ó ka àwọn ọmọ rẹ̀. Ó tún wọn kà. Wọ́n pé. Ó wólẹ̀ níwájú Ẹtù.

"Ìyàwó… rárá, ìyá mi. Dárí jì mí. Ìgbákọ tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló ha àwọn ọmọ mi jáde nínú iná."

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ẹtù wí. Ohùn rẹ̀ ti há tán. "Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yín, ẹ fi omi sí i."

Bàbá Àkàlà wá, ó ń yọ́ rìn nínú eérú. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó kọ orin tó gba ìlú là.

"Èmi ni!" Gbohùngbohùn dáhùn láti orí afẹ́fẹ́. "Ṣé ẹ kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni? Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, tèmi tiẹ̀ dùn jù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí àdéhùn wa. Ta ló ni orin?"

Àwọn ìyá wo ara wọn. Ẹtù gbé orí sókè.

"Gbohùngbohùn, níbo lo wà nígbà tí iná dé?"

"Yangí, yangí, ibẹ̀ ni mo wà."

"Ó dáa. Ẹni tó wà lórí yangí lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bó. Ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ ara wa."

Ẹtù gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè: ó ti bó. Àwọn ọmọ gbé tiwọn: ó pupa. Gbogbo wọn wá gbé ojú sókè, wọ́n ń dúró de ẹsẹ̀ Gbohùngbohùn.

Kò sí ẹsẹ̀.

"N kò ní ibi lọ́kàn," ni Gbohùngbohùn wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ohun tí ẹ fún mi ni mo fún yín."

"Mo mọ̀," ni Ẹtù wí. "Nítorí náà ni a kò fi ní pè ọ́ ní ọ̀tá. O dára láti gbọ́. Ṣùgbọ́n o pe ilé tí o kò gbé, o pe ọmọ tí o kò sàba, o ní o wà níbi tí o kò sí. Orin mi kò dára ju tìrẹ létí. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, ohùn kan sọ̀kalẹ̀ láti òkè, kò pariwo, gbogbo ẹ̀dá sì gbọ́ ọ. Ó ní, "Mo mí sí Ẹtù nínú. Èémí tí mo fún un, ó fi kọrin fún mi, ó sì kù díẹ̀ kó ná gbogbo rẹ̀ tán lórí ọmọ ọlọ́mọ. Ta ni yóò fi ìró wé èémí? Gbohùngbohùn, máa wà láàyè rẹ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, kí ẹlẹ́mìí máa ṣáájú rẹ."

Ni ẹ̀fúùfù bá dìde. Ó gbá èéfín lọ, ó kó Gbohùngbohùn níbi gbogbo tó wà, ó sì tì í wọ inú ihò àpáta ńlá tó wà létí ọ̀dàn. Ẹnu ihò náà há. Gbohùngbohùn wọ ibẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù síta, ẹ̀fúùfù sì gbé e lọ títí láé.

Inú àwọn ìyá dùn, wọ́n fò sókè, wọ́n fi ìyẹ́ lu ara wọn, wọ́n pariwo pé, "Ọmọ wa pé!"

Gbohùngbohùn fẹ́ ké láti inú àpáta pé, "Èmi ni mo ni orin!" Ohun tó jáde ni:

"…pé! …pé! …pé!"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣubú sínú eérú. Ó wá tún dára bẹ́ẹ̀, nítorí àpáta pàápàá ló ń bá wọn jẹ́rìí. Bàbá Àkàlà bọ́ fìlà fún Ẹtù, ó ní kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ lé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbogbo ìyá ló sàba lé ẹyin tòun ti orin lẹ́nu, ọ̀kan ń kọ ti òkúta tó gún un nídìí, òmíràn ń kọ ti eèrà, kò sì sí èyí tó jọ ara wọn.

Láti ọjọ́ náà ni eérú funfun kò ti kúrò lára ẹtù mọ́. Tótòtó rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ lónìí bí oyè, títí tí àwọn ahunṣọ fi fi orúkọ rẹ̀ pe aṣọ àwọn àgbà. Láti ọjọ́ náà ni abo ẹtù ti ń ké "Yan-gí! Yan-gí!" lójú gbogbo ayé, tí ojú kò sì tì í.

Láti ọjọ́ náà sì ni Gbohùngbohùn ti ń gbé inú àpáta. Ìparí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìkan ló lè dá padà. Bí o bá dé ẹsẹ̀ òkè lọ́la, dúró, kí o má wí nǹkan kan. Òun náà kò ní wí nǹkan kan. Ó mọ gbogbo orin ayé, ó sì dákẹ́ síbẹ̀, ó ń dúró dè ọ́. Ìwọ tí Ọlọ́run mí sí nínú, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ la ẹnu.